Aláṣẹ Títì àti Pátákó Ọwọ́ Ọ̀tún

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí láràárọ̀, tó sì ń dúró kí dígí dá a lóhùn, ẹ má bá a jà, ẹ má sì gbà á nímọ̀ràn. Ẹ rọra yà fún un kó kọjá. Ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbé e débẹ̀. Ọ̀kan nínú irú wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn ò kàn wá. Aláṣẹ Títì ni gbogbo ìlú ń pè é, òun sì rò pé ìyìn ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́, alábòójútó títì ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ méjì péré. Lọ́dún kejì, ó fi "Àgbà" kún un. Lọ́dún kẹta, ó fi "Pátápátá" lé e. Nígbà tí ìtàn yìí fi máa bẹ̀rẹ̀, oyè rẹ̀ ti di "Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Títì, Ẹ̀gbẹ́ Títì, Abẹ́ Títì àti Ohunkóhun Tó Bá Jọ Títì." Ẹni tó bá fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan, iná ràn mọ́ kọ́tìnì ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè náà láti orí dé ìdí. Nígbà tó fi dé "Abẹ́ Títì," kọ́tìnì ti jó tán. Nígbà tó fi dé "Jọ Títì," iná ti kú fúnra rẹ̀. Aláṣẹ Títì gbójú sókè láàárín èéfín, ó ní, "Ó dáa. Kí lo fẹ́ sọ?"

Obìnrin náà ní, "Ó ti tán, sà. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Ó ní akọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-sà. Iṣẹ́ Bẹ́ẹ̀ni-sà kò ju kó gbà pé ohun tí ọ̀gá sọ ni òótọ́. Bí Aláṣẹ Títì bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-sà á pàtẹ́wọ́. Bó bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ta yàà, Bẹ́ẹ̀ni-sà á ṣí agbòjò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ tipẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ń tẹ̀ ẹ́.

Àárín ìlú náà ni Ìgboro Àtijọ́ wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tajà láti ayé baba ńlá wọn. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ti dán nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn, ilé alájà kan fara ti ilé alájà kan bí àwọn arúgbó tó ń gbọ́ àhesọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: Ọ̀nà Aláago, Ọ̀nà Onídígí, Ọ̀nà Oníbọ́tìnì. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ náà sí ti dípẹtà débi pé "Ọ̀nà Aláago" ti ku "go" nìkan. Àjèjì tó bá wọ ibẹ̀ láìbéèrè, ó lè jáde lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n wọn kì í sọnù. Ìdí ni pé ọkùnrin kan jókòó sí oríta, lábẹ́ òrùlé ilé ìtajà aṣọ kan, tí ń rán bàtà. Bàbá Aránbàtà ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti wà lórí àpótí kan náà. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀nà, kò ní gbójú sókè. Ẹsẹ̀ yín ló máa wò. Á ní, "Bàtà yìí ò fẹ́ rìn jìnnà. Ẹ gba ìhín, ẹ ka fèrèsé pupa méjì, ẹ yà sósì, ìsọ̀ kẹta ni." Á sì máa bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìgbìmọ̀ ìlú kọ lẹ́tà sí Aláṣẹ Títì. Ojú ìwé kan ni. Wọ́n ní kó tún Ìgboro Àtijọ́ ṣe: kó gbin igi díẹ̀, kó gbé bẹ́ǹṣì síbi táwọn arúgbó lè sinmi, kó sì ri pátákó ìtọ́nà mọ́lẹ̀ kí àlejò lè mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n fi kún un pé Mínísítà máa wá ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Aláṣẹ Títì ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, ó sì gbàgbé gbogbo èyí tó ṣáájú.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló pe gbogbo ará ìlú jọ síwájú ọ́fíìsì. Ó bọ́ sórí pèpéle, ó wọ kóòtù dúdú, ó fi àmì-ẹ̀yẹ mẹ́sàn-án sí àyà. (Méjì nínú wọn, ó gbà wọ́n níbi iṣẹ́. Méje yòókù, òun ló fi wọ́n dá ara rẹ̀ lọ́lá nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó rántí.) Ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Ẹ̀yin ará ìlú tí ń sọnù!" Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ti ń sọnù láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Ẹ sọnù lọ, ẹ sọnù bọ̀! Bàbá yín sọnù, ìyá yín wá a lọ, òun náà sọnù, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé tí wọ́n fi bí yín! Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìsọnù fúnra rẹ̀ ti sọnù!"

Bẹ́ẹ̀ni-sà pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀rọ̀ náà gba wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó fi parí, ẹni méjìlá ló kù, mẹ́wàá nínú wọn sì ti sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tí ń kọ pátákó fún àwọn onísọ̀. Akọpátákó ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ́ onísùúrù ènìyàn, ọ̀dà kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti fi lẹ́ẹ̀dì ya àpẹẹrẹ wá: pátákó kékeré, orúkọ ọ̀nà gàdàgbà lórí rẹ̀, àmì ọfà lábẹ́.

Aláṣẹ Títì wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Kí nìyí?"

"Ọfà ni, sà."

"Ọfà kẹ̀! Ṣé ogun ni a fẹ́ jà ni? Àlejò máa dé, ìwọ á yọ ọfà sí i?"

"Àmì lásán ni, sà. Kó lè mọ apá ibi tó máa—"

"Ọmọ ènìyàn kì í fi ọfà júwe ọ̀nà. Ọwọ́ la fi ń júwe ọ̀nà." Ó dìde, ó rìn lọ síwájú dígí rẹ̀. "Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé, ọwọ́ ta ni?"

Bẹ́ẹ̀ni-sà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yára tì í bọ àpò. "Ọwọ́ yín ni, sà!"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o," ni Aláṣẹ Títì wí. "Àwọn aráàlú ló ń bẹ̀ mí."

Bí wọ́n ṣe pe ayafọ́tò nìyẹn. Aláṣẹ Títì dúró, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ, ó na ìka kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí wọ́n gé irin pẹlẹbẹ ní àwòrán rẹ̀, tó ga tó o gan-an, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kóòtù, táì, àmì-ẹ̀yẹ, gbogbo rẹ̀ pátá, kí wọ́n sì gbé e lé orí òpó, kí wọ́n rì í mọ́ gbogbo oríta. Ọgọ́rin ni wọ́n máa ṣe.

Akọpátákó wú ikọ́. "Ó dáa gan-an, sà. Ẹ wá bá mi na tòsì náà."

"Na kí ni?"

"Ọwọ́ òsì, sà. Ti àwọn tó máa yà sápá òsì."

Àfi bí ẹni pé ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ júwe ọ̀nà. Aláṣẹ Títì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i lọ. "Ṣé ilé kò kọ́ ọ ni? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni! Ilé baba ta ni Ìgboro Àtijọ́? Ilé baba gbogbo wa ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, òwe náà kò burú, ẹ ò gbọdọ̀ bá àwọn àgbà wí. Àgbà tó pa á mọ̀ pé ilé lè wà lápá òsì. Bó bá wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà ló máa nà kọjá àyà, ọ̀rọ̀ á sì yanjú. Ohun tí Akọpátákó náà rò nìyẹn.

"Ẹ kúkú na ọ̀tún yẹn kọjá àyà yín, sà, báyìí."

"Kó bo àmì-ẹ̀yẹ mi?"

"Díẹ̀ ló máa bò, sà."

"Ó máa bo táì mi pẹ̀lú! Kí àlejò wá ìlú wa, kó má rí táì mi!"

"Ṣùgbọ́n, sà," ni Akọpátákó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ gan-an, "àwọn ibi tó wà lápá òsì ńkọ́?"

Aláṣẹ Títì fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Kí wọ́n máa bọ̀ lápá ọ̀tún!"

Bẹ́ẹ̀ni-sà kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti rí ìwé náà rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Gbogbo ibi tó wà lápá òsì, kí wọ́n múra àtikó lọ sápá ọ̀tún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé."

Kí n tó dé orí pátákó, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti igi àti bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbin igi mọ́kànlá. Lọ́jọ́ tí Aláṣẹ Títì wá yẹ̀ wọ́n wò, ewé kan já, ó bà lé èjìká kóòtù rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó fún ewé náà láṣẹ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì ti ń gorí àkàbà tòwútòwú, tí wọ́n ń so ewé mọ́ ẹ̀ka. Ní ti bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n kọjú gbogbo wọn sí ògiri ọ́fíìsì òun, níbi tí àwòrán òun tó ga bí ilé alájà kan wà. Arúgbó tó bá jókòó láti sinmi, ojú ńlá méjì ni yóò máa wò ó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe nílé.

Nígbà tí wọ́n ri ọgọ́rin Aláṣẹ Títì mọ́lẹ̀ tán, ìdàrúdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn ló na ọwọ́ ọ̀tún, àṣẹ sì ni pé ẹni tó bá rí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀tún ni kó yà. "Ilé Ìwòsàn Eyín," ọ̀tún. "Ilé Ìfìwéránṣẹ́," ọ̀tún. "Gbàgede Aago," ọ̀tún. Ènìyàn tó bá tẹ̀ lé wọn, á yà sọ́tùn-ún, á tún yà sọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, á wá bá ara rẹ̀ níbi tó ti gbéra, á sì rò pé ìlú náà ní ibi méjì tó jọra. Ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún kún àkúnya. Ọkùnrin kan tí ń tún aago ṣe kò ráàyè mí. Àwọn tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ń tò síwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tí eyín ń dùn wọlé, ó jókòó, ó la ẹnu gbàgà.

Alátùn-únṣe aago ní, "Bọ̀ọ̀dá, aago ni mò ń tún ṣe níbí."

Ọ̀gbẹ́ni náà kò pa ẹnu dé. Ó nawọ́ sí ẹ̀mú kékeré tó wà lórí tábìlì. "Ẹ ṣáà gbìyànjú. Mo ti yí po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án."

Apá òsì dákẹ́ lọ gbári. Ibẹ̀ ni obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníbọ́tìnì, tó jogún ìsọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bọ́tìnì oríṣiríṣi ló wà nínú dúrọ́ọ̀ kéékèèké láti ilẹ̀ dé àjà, ó sì lè fi ojú dídì mú èyí tí ẹ bá fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ológbò kan wọlé, ó wò yíká, ó jáde. Ìyá Oníbọ́tìnì jókòó síwájú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ń nu bọ́tìnì tó mọ́. Ó ní ọmọbìnrin méjì nílé ẹ̀kọ́. Òun àti aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ pé bóyá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.

Àwọn tó gbọ́n padà sọ́dọ̀ Bàbá Aránbàtà. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí pátákó oríta tí wọ́n fi ń bi í léèrè ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mọ́tò Aláṣẹ Títì gbà kọjá. Ó ní kí dírẹ́bà dúró.

"Bẹ́ẹ̀ni-sà, kí ni àwọn ènìyàn yẹn ń ṣe?"

"Wọ́n ń béèrè ọ̀nà, sà."

"Èmi rèé tí mo dúró síbẹ̀, tí mo nawọ́! Wọ́n kọ̀yìn sí mi!" Omi lé ròrò sí i lójú ní tòótọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kan pátákó kékeré kan mọ́ ògiri lókè orí Bàbá Aránbàtà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: ỌKÙNRIN YÌÍ KÒ MỌ Ọ̀NÀ. ÀṢẸ ÌJỌBA NI. Wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bó bá tún júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni, wọ́n máa gbé àpótí rẹ̀ kúrò ní oríta.

Bàbá Aránbàtà wo pátákó náà. Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ dáadáa." Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò fọhùn mọ́. Bí ẹnì kan bá bi í ní ọ̀nà, á fi òòlù rẹ̀ kan pátákó òkè orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Aránbàtà yìí ló ká Ìyá Oníbọ́tìnì lára ju ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Ó wé gèlè, ó gba ọ́fíìsì lọ. Ó mọ oyè náà lórí, ó kà á láìfo ìkankan, wọ́n jẹ́ kó wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, pátákó yín ń lé oníbàárà wa lọ."

"Màmá, pátákó mi kì í lé ènìyàn. Ó ń pè wọ́n ni."

"Ọ̀tún ló ń pè wọ́n sí, sà. Òsì ni àwa wà."

"A ti fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kó wá sọ́tùn-ún."

Ìyá Oníbọ́tìnì wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. "Sà, tí gbogbo wa bá kó wá sọ́tùn-ún, àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì, ṣé apá òsì wọn kọ́ la máa wà?"

Bẹ́ẹ̀ni-sà gbé bírò sókè, ó rò ó, ó sì gbé bírò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó jọ pé nǹkan kan ta á lọ́pọlọ.

Aláṣẹ Títì ní, "Kí wọ́n má bọ̀ láti òdìkejì."

"Ẹ bá mi délẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ fojú ara yín wò ó."

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín, àmì-ẹ̀yẹ mẹ́sàn-án ń ró wọnranwọnran. "Màmá, èmi kì í wo títì. Títì ló ń wò mí."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà lórí oyè, kò fẹsẹ̀ tẹ Ìgboro Àtijọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, ìgbà tí ewé já lù ú. Láti ilé sí ọ́fíìsì, inú mọ́tò ni. Dírẹ́bà ló mọ ọ̀nà.

Ọjọ́ Mínísítà pé. Ní Gbàgede Aago, wọ́n ti pa àgọ́, èrò ti kún bí omi. Àwọn onífèrè ti tò, wọ́n ti ń fun fèrè kíkí káàbọ̀ láti aago mẹ́wàá. Níwájú ọ́fíìsì, Mínísítà sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó sì ń rìn kíákíá bí ẹni tí nǹkan ń jó lórí iná nílé.

"Báwo ni Gbàgede ṣe jìnnà tó?" ó béèrè.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún, Ọlọ́lá jùlọ, ìtànṣán ìlú, ìrawọ̀ tí ń—"

"Ṣé kí a wọ mọ́tò?"

Níbí, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí orí ọkùnrin yìí bá ń ṣiṣẹ́, ìtàn ì bá parí síbí, gbogbo wa ì bá lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó wo dírẹ́bà, ó wo pátákó rẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn, ó ní, "Rárá o! Ẹsẹ̀ la máa fi rìn, kí ẹ lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Dírẹ́bà, máa lọ sílé."

Wọ́n gbéra: Mínísítà, Aláṣẹ Títì, Bẹ́ẹ̀ni-sà tó gbé agbòjò, àti ogún ènìyàn pàtàkì. Wọ́n dé oríta kìíní. Pátákó ní Gbàgede wà lọ́tùn-ún. Wọ́n yà. Oríta kejì, ọ̀tún. Ìkẹta, ọ̀tún. Ìkẹrin, ọ̀tún. Wọ́n yọ síwájú ọ́fíìsì.

Mínísítà dúró. "Ṣé ibí kọ́ la ti kúrò?"

"Ó jọ ọ́ ni, mà," ni Aláṣẹ Títì wí. "A tún ìlú náà ṣe déédéé débi pé gbogbo rẹ̀ jọra. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà kejì tí wọ́n yọ, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ni, kí Mínísítà lè rí ẹ̀gbẹ́ kejì àwọn pátákó. Nígbà kẹta, àwọn onísọ̀ ti gbọ́. Wọ́n jáde wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé àga síta. Bí ìlà àwọn ènìyàn pàtàkì náà ṣe ń kọjá, wọ́n ń dìde kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú ìrìn o!"

Nígbà kẹrin: "Ẹ kú àbọ̀ o! Ilé ńkọ́?"

Alátùn-únṣe aago yọ aago kan, ó wò ó, ó kígbe sí ìsọ̀ kejì pé, "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti àbọ̀! Wọ́n ti ń yára sí i!" Ẹ̀rín pa àwọn ènìyàn débi pé aláṣọ kan gbá ara rẹ̀ mọ́ òpó iná. Gbogbo ìgbà yìí, ìró fèrè ń bọ̀ láti Gbàgede, ó ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, ó ti ń ṣẹ́ bí ohùn ẹni tó ti sunkún púpọ̀, nítorí ètè àwọn onífèrè ti wú.

Ní ìyípo karùn-ún, àtẹ́lẹ̀ bàtà Mínísítà là. Ó fẹsẹ̀ kan tiro dé oríta, ó jókòó sórí àpótí kejì lọ́dọ̀ Bàbá Aránbàtà, ó bọ́ bàtà náà fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an. Ẹ sì dákun, ọ̀nà wo ló lọ sí Gbàgede Aago?"

Bàbá Aránbàtà fi òòlù kan òkè.

Mínísítà gbójú sókè, ó kà á. Ó tún un kà. "Bàbá, ta ló kọ èyí?"

"Ìjọba ni, mà."

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò mọ ọ̀nà?"

Bàbá Aránbàtà ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà níbí, mà. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìjọba ní n kò mọ̀ ọ́n. Ta ni mo jẹ́ tí n ó pe ìjọba ní òpùrọ́?"

Fèrè Gbàgede dúró, bóyá wọ́n ń fi omi sí ètè. Mínísítà yíjú sí Aláṣẹ Títì, tó dúró sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀, tí kóòtù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ọ̀gbẹ́ni, níbo ni Gbàgede wà?"

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbéra fúnra rẹ̀, ó nà gbọọrọ, sọ́tùn-ún. Ẹni irin lókè, ẹni ẹran ara nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì nawọ́ síbi kan náà. Ẹ̀rín tó bú nígbà náà, ẹyẹlé fò kúrò lórí òrùlé.

"Bàbá," ni Mínísítà wí, "mo fún yín láṣẹ. Ẹ mọ ọ̀nà."

Bàbá Aránbàtà já òwú pẹ̀lú eyín, ó fún un ní bàtà rẹ̀. Ó fi àgbọ̀n júwe apá òsì. "Ọgọ́ta ìṣísẹ̀, mà. Bí ẹ bá kọjá ìsọ̀ bọ́tìnì, ẹ ti débẹ̀."

Mínísítà dìde, ó yà sósì. Ogún ènìyàn pàtàkì yà tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ni-sà nìkan ló kù láàárín oríta pẹ̀lú agbòjò. Ó wo ọ̀tún, ó rí ọ̀gá rẹ̀. Ó wo òsì, ó rí ẹ̀yìn Mínísítà tó ń lọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ni, mà!" ló ké, ó sì sáré tẹ̀ lé Mínísítà tòun ti agbòjò.

Ní Gbàgede, Mínísítà kò gé tẹ́ẹ́pù kankan. Ó ní kí àwọn ìyá àti bàbá tó ń tajà wá sọ̀rọ̀. Ìyá Oníbọ́tìnì bọ́ síwájú, ó sọ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé ìsọ̀ ìyá òun kò tíì ti ilẹ̀kùn rí, àti pé òun kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ló máa tì í. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo ènìyàn lára ju ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta Aláṣẹ Títì lọ.

Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà ti dé. Ojú ìwé kan ni òun náà. Wọ́n gba ọ́fíìsì, wọ́n gba mọ́tò, wọ́n gba oyè náà láti "Ọ̀gá" dé "Jọ Títì." Wọ́n fà á yọ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa òwú lára aṣọ, kò sì ku nǹkan kan. Wọ́n fi obìnrin awọnlẹ̀ kan sí ipò rẹ̀. Ẹni yìí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan lórí pèpéle. Ó mú ìwé kékeré kan dání, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń béèrè ibi tí àlejò ti máa ń dúró láti ronú. Ó jókòó lọ́dọ̀ Bàbá Aránbàtà fún odidi ọjọ́ méjì. Akọpátákó kọ pátákó tuntun, kékeré, tí òsì rẹ̀ ń jẹ́ òsì. Wọ́n tú ewé sílẹ̀ lórí igi. Wọ́n yí bẹ́ǹṣì padà kí wọ́n kọjú sí ìgboro, àwọn arúgbó sì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọjá bó ti yẹ kó rí.

Ẹ ó ní, ọkùnrin náà ńkọ́?

Oṣù kan ló fi wà nílé. Kò sí ẹni tó wá kí i. Bó bá sín, ilé á dákẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyàwó rẹ̀ ní kó jáde, kí ara rẹ̀ lè yá. Ó jáde, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Nítorí pé kò sí mọ́tò mọ́, ó gba Ìgboro Àtijọ́ kọjá. Kò mọ bó ṣe rí. Ó yà níhìn-ín, ó yà lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù, nítorí ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ìyá Oníbọ́tìnì, tí oníbàárà mẹ́ta ń dúró dè nínú ìsọ̀, bu ife omi tútù kan jáde fún un.

"Ẹ mu ún, ọ̀gá. Oòrùn yìí mú."

Ó gbà á. Ó mu ún tán.

Obìnrin arìnrìn-àjò kan kọjá, ó gbé àpò, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó rí ọkùnrin àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́, ó tọ̀ ọ́ wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló lọ sí Ilé Ìfìwéránṣẹ́?"

Ọkùnrin náà dìde dúró. Ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fa èémí sínú. Ìyá Oníbọ́tìnì, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, di ẹnu mú. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta tún dé.

"Màdáámù," ni ọkùnrin náà wí.

Èémí tó fà sínú jáde díẹ̀díẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ẹ fún mi ní ẹrù yín. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ béèrè."